Beyoncé, Lójú Ọmọ Ilé-Ifẹ̀
Ní òwúrọ̀ ọjọ́ 6 oṣù Kejì ọdún 2023, kí n tó kúrò ní Lágeré, ni mo gbọ́ pé Beyoncé, olórin ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ti gba àmì ẹ̀yẹ orin Grammy 32, tí ó sì ti kọjá Georg Solti, olùdarí ẹgbẹ́ eléré kíláásíkà, ẹni tí 31 tirẹ̀ kò tíì sí ẹni tó kọjá rẹ̀ rí. Inú mi dùn bí ẹni pé ọmọ ìyá mi ni.

Ọmọ Houston ni, inú ẹgbẹ́ olórin Destiny's Child ni ayé ti kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó dá gbé àwo orin tirẹ̀ jáde ní 2003, Grammy márùn-ún ni ó kó lálẹ́ ọjọ́ kan ṣoṣo ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e.

Èyí tí ó wọ̀ mí lọ́kàn jù ni iṣẹ́ rẹ̀ ti 2016, Lemonade, àwo orin tí ó ní fíìmù: aṣọ aláwọ̀ ìyeyè tí ó wọ̀ jáde láàárín omi, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn rí Ọ̀ṣun nínú rẹ̀, àti ọnà funfun tí Láolú Ṣenbánjọ, ẹni tí wọ́n bí ní Ìlọrin, yà sí ara àwọn oníjó. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin wò ó, ó ní, "Ilé wa nìyí." Lójú tèmi, ìyẹn tóbi ju Grammy lọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ti di 35 ní 2025, nígbà tí àmì ẹ̀yẹ àwo orin tí ó dára jù lọ lọ́dún tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ nígbẹ̀yìn gbẹ́yín.