Kánfáàsì, gèlè pínkì àti owó dídá: ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ nínú Race for Life

Ẹ jẹ́ kí n ti ibi owó bẹ̀rẹ̀, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn wa ti ń yẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Rírìn ò le. Ẹni tó bá forúkọ sílẹ̀ fún Race for Life, eré ìje tí a fi ń dáwó fún ìwádìí lórí jẹjẹrẹ, lè mú kìlómítà 3, ó lè mú 5 tàbí 10, kó sáré, kó rìn, kó máa tàkúrọ̀sọ lọ lójú ọ̀nà. Kò sẹ́ni tó ń wá ipò kìíní. Ohun tó ń dá àgbàlagbà Yorùbá dúró ní Lọ́ńdọ̀nù ni kó gbé fóònù, kó sọ fún ojúlùmọ̀ rẹ̀ pé, "Ẹ jọ̀ọ́, mò ń dáwó nítorí àrùn jẹjẹrẹ." Àwa tí a lè ná owó oṣù kan sórí òkú ìyá ọ̀rẹ́ wa, ibẹ̀ ni ẹnu wa máa ń wúwo.

Cancer Research UK, àjọ tó ń ṣèwádìí lórí jẹjẹrẹ, ló ń ṣe é. Battersea Park ní Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1994, obìnrin 680 ló jáde. Obìnrin nìkan ni wọ́n ń gbà títí di ọdún 2019 tí wọ́n ṣílẹ̀kùn fún ọkùnrin. Ní báyìí, káàkiri Bìrìtéènì ni wọ́n ti ń ṣe é nínú àwọn páàkì ńláńlá, owó rẹ̀ sì ń lọ sínú ìwádìí lórí jẹjẹrẹ. Ẹgbẹ́ obìnrin wa ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù ló fà mí wọ̀ ọ́.

Ẹ má kàn ju líǹkì sórí WhatsApp ẹgbẹ́, kí ẹ wá káwọ́ lẹ́rán máa retí. Àdúrà lẹ máa rí gbà. "Olúwa á fún yín lókun," "Ẹ kú iṣẹ́ ribiribi," kọ́bọ̀ ò ní wọlé. Ẹ pe èèyàn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ kí i dáadáa, ẹ béèrè ọmọ, ẹ béèrè iṣẹ́, kí ẹ tó bọ́ sórí ọ̀rọ̀. Kí ẹ sì dárúkọ iye. Tí ẹ bá ní "ohunkóhun tó bá wà lọ́wọ́ yín," wọn á ní àwọn á pè yín padà, ó tán nìyẹn. Bí àwọn tó ń ta aṣọ ẹbí ṣe ń sọ iye àti ọjọ́ tí owó gbọ́dọ̀ pé ni kí ẹ ṣe sọ ọ́: "Ẹ̀gbọ́n, pọ́n-ùn mẹ́wàá ni mo bù fún yín, ẹ jọ̀ọ́, kí oṣù yìí tó parí." Èmi ò tíì rí ẹni tó bínú. Àwọn míì tiẹ̀ ń fi lé e, kí wọ́n má baà sọ pé tiwọn ló kéré jù.

Kí oníkálùkù sì fọwọ́ ara rẹ̀ san án lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Àṣà tiwa ni ká kó owó sọ́wọ́ akápò, kí akápò wá san gbogbo rẹ̀ pọ̀. Ó rọrùn, àmọ́ Gift Aid, owó tí ìjọba ń fi kún ẹ̀bùn, á lọ sí i. Ẹni tó bá ń san owó orí ní Bìrìtéènì, tó sì fara mọ́ Gift Aid nígbà tó ń sanwó, ìjọba á fi pẹ́ńsì 25 lé pọ́n-ùn kọ̀ọ̀kan. Lórí pọ́n-ùn 10, pọ́n-ùn 2 àti pẹ́ńsì 50 nìyẹn, kò sì jáde lápò ẹnikẹ́ni nínú yín. Owó tí akápò bá kó lọ lórúkọ gbogbo ẹgbẹ́ kò lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Ẹ̀gbọ́n yín tó wà n'Íbàdàn lè dáwó o, kó ṣáà ti fo ibi Gift Aid yẹn.

Ohun tó ń mú èmi padà lọ ni ọ̀rọ̀ tó ń jáde lẹ́yìn tí mo bá tọrọ owó tán. Ẹ ó pe ẹnì kan nítorí pọ́n-ùn mẹ́wàá, á dákẹ́, á wá ní, "Ṣé ẹ mọ̀ pé òun náà ló pa màámi?" Bẹ́ẹ̀, nígbà tí ẹ lọ kí wọn nígbà náà, ohun tí wọ́n sọ ni pé ó rẹ màmá díẹ̀. Obìnrin kan nínú ẹgbẹ́ wa sọ fún mi pé àbúrò òun ní Abẹ́òkúta rí kókó lọ́yàn, ó ń mu àgbo, ó ń gbààwẹ̀, kò sọ fún ọkọ, kò sọ fún ẹ̀gbọ́n, títí ó fi di egbò. Ó ní òun ò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí láti ìgbà tí òun ti dé ìlú yìí. Ọkọ ọ̀rẹ́ mi kan, èèyàn jẹ́jẹ́, pè mí padà lálẹ́ lẹ́yìn tí ìyàwó rẹ̀ ti lọ síbi iṣẹ́. Jẹjẹrẹ prostate ni tirẹ̀, ẹ̀yà ara kékeré tó wà lábẹ́ àpò ìtọ̀ ọkùnrin. Wọ́n tètè rí i, wọ́n tọ́jú rẹ̀, ara rẹ̀ ti yá. Àmọ́ nínú àwọn ọ̀rẹ́ tí wọ́n jọ ń jẹ àsun ní Sátidé, kò sẹ́ni tó mọ̀. Ọkùnrin dúdú 1 nínú 4 ni àyẹ̀wò máa ń bá àrùn yìí lára rẹ̀ láyé rẹ̀ ní Bìrìtéènì. Tí a bá da gbogbo ọkùnrin pọ̀, 1 nínú 8 ni. Tí ọkùnrin mẹ́jọ bá yí àwo àsun ká, ẹ bá mi ṣírò rẹ̀.

Torí náà, ìgbà tí ọwọ́ mi bá dilẹ̀ ni mo máa ń pe èèyàn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́ tán. Ẹ má júwe oògùn inú fídíò fún wọn, ẹ má sì gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sípàdé pé kí ẹgbẹ́ bá wọn gbàdúrà sí i. Àwọn Race for Life máa ń fún wa ní ìwé tí a ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn aṣọ, orúkọ ẹni tí a torí rẹ̀ jáde la ń kọ síbẹ̀. Tí ẹni náà bá wà láyé, ẹ gbàṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀, torí fọ́tò á ti dé Facebook kí ẹ tó délé. "Bùrọ̀dá mi" ni mo kọ fún ọkọ ọ̀rẹ́ mi.

Ní ti ara, kánfáàsì tó ti mọ́ yín lẹ́sẹ̀ ni kí ẹ wọ̀, ẹ fi tuntun sílẹ̀. Ẹ máa fẹsẹ̀ rìn lọ sọ́jà fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan ṣáájú. Ẹni tí orúnkún ń dùn, kó bá GP, dókítà àdúgbò rẹ̀, sọ̀rọ̀. Ẹ mú aṣọ òjò dání, Lọ́ńdọ̀nù ni. Gèlè pínkì tí àwa ń wé gbayì nínú fọ́tò, àmọ́ kì í kọjá kìlómítà kejì kó tó tú. Ẹ tọ́jú rẹ̀ di ìgbà tí wọ́n bá ń fún yín ní mẹ́dàlì.

Mo ti wá ń fi ìpè owó yẹn béèrè àyẹ̀wò. NHS, ètò ìlera ìjọba, ń pe obìnrin fún mammogram, fọ́tò ọmú tí wọ́n fi ń wá jẹjẹrẹ, lọ́dún mẹ́ta mẹ́ta láti 50 títí di 71. Ọ̀pọ̀ ń gba lẹ́tà yẹn, wọn ò lọ. Lẹ́tà ò sí fún ti prostate, ọkùnrin fúnra rẹ̀ ni yóò lọ bá GP, àjọ Prostate Cancer UK sì ní kí ọkùnrin dúdú ti bẹ̀rẹ̀ láti 45. Àyẹ̀wò jẹjẹrẹ ìfun ló ń pa mí lẹ́rìn-ín. Ní England, láti 50 dé 74, lọ́dún méjì méjì, wọn á fi ìgò kékeré ránṣẹ́ sí yín nílé, kí ẹ fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ inú rẹ̀ tọ́ ìgbẹ́ yín díẹ̀, kí ẹ dá a padà. Inú dúrọ́ọ̀ ilé ìdáná ló máa ń sùn sí nílé àwa Yorùbá. Ó ń rí wọn lára. Mo ti dúró ti ẹ̀gbọ́n kan lórí fóònù títí ó fi ṣe tiẹ̀ tán, ó ń bú mi, èmi ń rẹ́rìn-ín.

Tí ẹ bá sì ń pe ilé, ẹ béèrè àwọn ọmọbìnrin tó wà láàárín ọdún 9 sí 14. Láti oṣù kẹwàá ọdún 2023 ni Nàìjíríà ti bẹ̀rẹ̀ sí í fún wọn ní abẹ́rẹ́ HPV, ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n ń gbà á, ọ̀fẹ́ ni. Kòkòrò tó ń fa jẹjẹrẹ ọrùn ilé ọmọ ló ń dènà. Ìyá ọmọ kan nínú ẹbí wa ní òun ò lè jẹ́ kí tòun gbà á, pé òun kà á lórí WhatsApp pé wọn ò ní lè bímọ mọ́. Irọ́ ni, mo sì ṣàlàyé fún un títí owó fi tán lórí fóònù mi. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó mú un lọ.