Ijó Nínú Àwòrán Àwọn Ará Nẹ́dálándì Àtijọ́

Ọjọ́ Àbámẹ́ta

Àwòrán ijó tí àwọn ará Nẹ́dálándì yà ní ayé àtijọ́ ni mo fi ọ̀sán òní wò, èyí tí Jan Steen yà ní ọdún 1663 ni mo sì kọ́kọ́ ṣí. Washington ni àwòrán náà wà báyìí, ní ilé àwòrán ti ìjọba Amẹ́ríkà. Abẹ́ àtíbàbà tí ewéko fà bò ni wọ́n ti ń ṣe fàájì: ọ̀dọ́kùnrin ará oko kan tí ó ki ìyẹ́ bọ fìlà di ọwọ́ ọmọge kan mú, ó ń fà á bọ́ sójú agbo, bẹ́ẹ̀ aṣọ ọmọge náà fi hàn pé ọmọ ìgboro ni, ijó náà kò sì tíì yá a lára. Ní apá òsì, Steen ya ara rẹ̀ sí ìdí tábìlì, ó ń fi ọwọ́ kan àgbọ̀n obìnrin kan.

Ilẹ̀ ibẹ̀ ni àwọn onímọ̀ máa ń tọ́ka sí. Èèpo ẹyin fífọ́ àti òdòdó tí wọ́n já wà nílẹ̀, ọmọ kan ń fẹ́ ìfófó ọṣẹ, ilé gogoro ṣọ́ọ̀ṣì sì yọ orí lókèèrè. Àlàyé wọn ni pé gbogbo nǹkan wọ̀nyí ń rán ẹni tí ó ń wò ó létí pé adùn ayé kì í tọ́jọ́. Àlàyé náà lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, nítorí ìjọ Pùròtẹ́sítáǹtì tí ó tẹ̀ lé ẹ̀kọ́ John Calvin ni ó rọ́wọ́ mú jù ní Nẹ́dálándì nígbà náà, àwọn alàgbà rẹ̀ a sì máa bá ọmọ ìjọ tí ó bá jó wí. Gisbertus Voetius, olùkọ́ ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn ní yunifásítì Utrecht, wà lára àwọn tí ó tako ijó kíkan kíkan.

Síbẹ̀, àlàyé yẹn kò tẹ́ mi lọ́rùn tó. Kátólíìkì ni Steen, ó ti háyà ilé ìpọntí ní Delft rí, nígbà tí ó sì di ọdún 1672 ó gba ìwé àṣẹ láti ṣí ilé ọtí ní Leiden. Títí di òní, ilé tí gbogbo nǹkan bá wà ní rúdurùdu, ilé Jan Steen ni àwọn ará Nẹ́dálándì ń pè é. Oníwàásù tí ó bá jókòó ti ife láàárín àwọn tí ó ń bá wí, èmi kò rò pé ó fẹ́ kí wọ́n dìde kúrò ní agbo.

Èyí tí mo pẹ́ lórí rẹ̀ jù ni ijó ẹyin tí Pieter Aertsen yà ní ọdún 1552, tí ó wà ní Rijksmuseum, ilé àwòrán ńlá kan ní Amsterdam. Wọ́n á fi ẹfun fa ilà roboto sílẹ̀, wọ́n á gbé ẹyin sínú abọ́. Ẹsẹ̀ nìkan ni oníjó yóò fi yí ẹyin náà jáde, tí yóò sì tún fi dojú abọ́ dé e, láìjẹ́ kí ẹyin fọ́, láìsì kúrò nínú ilà, bẹ́ẹ̀ ẹni tí ó ń fọn fèrè alápò awọ kò ní dúró dè é. Àwọn kan máa ń ka àwòrán yìí náà sí ìbáwí fún ọ̀mùtí àti aláfojúdi. Ojú mi kò kúrò lára ẹsẹ̀ ọmọkùnrin tí ó ń jó nínú rẹ̀: ẹni tí kò bá tíì fara balẹ̀ wo oníjó tí ó mọ̀ ọ́n jó kò lè ya ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Pieter Bruegel kò tilẹ̀ fi nǹkan pa mọ́. (Brussels ni ó ń gbé, tí ó wà ní Bẹ́ljíọ̀m lónìí, ṣùgbọ́n abẹ́ ọba Sípéènì kan náà ni gbogbo ilẹ̀ wọ̀nyẹn wà nígbà náà.) Ijó ìgbéyàwó tí ó yà ní ọdún 1566, tí ó wà ní Detroit ní Amẹ́ríkà, kó ènìyàn bí 125 jọ sábẹ́ igi, ìyàwó tí ó wọ aṣọ dúdú sì wà láàárín wọn, tí ènìyàn ní láti wá kí ó tó rí i. Iwájú ṣòkòtò àwọn ọkùnrin ibẹ̀ yọ síta gbangba tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn kan fi kun ọ̀dà bò ó lẹ́yìn ìgbà náà, kí wọ́n tó wá fọ ọ̀dà náà kúrò ní ọ̀rúndún tó kọjá.

Albert Eckhout ni mo fi parí. Ó wà ní Brazil láti ọdún 1637 títí di 1644 lábẹ́ Johan Maurits, gómìnà apá Brazil tí ó wà lọ́wọ́ àwọn ará Nẹ́dálándì nígbà náà, ó sì ya ijó àwọn ọmọ onílẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Tapuya: ọkùnrin mẹ́jọ níhòòhò pẹ̀lú ọ̀kọ̀ àti kùmọ̀ lọ́wọ́, obìnrin méjì ní ẹ̀gbẹ́ kan tí wọ́n fi ọwọ́ bo ẹnu, bí ẹni ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Maurits fi àwòrán náà ta ọba Denmark lọ́rẹ ní ọdún 1654, Copenhagen ni ó sì wà títí di ìsinsìnyí. Ó wù mí púpọ̀, ara àwọn ọkùnrin náà kún fún agbára, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí ó gbà yà wọ́n jọ ti ẹni tí wọ́n rán wá ṣe àkọsílẹ̀ ohun tí ó wà ní ìlú onílùú, kò sì sí ohunkóhun nínú rẹ̀ tí ó fi hàn pé ẹnikẹ́ni ní kí ó wá bá wọn jó.