Àgò Onílé ní Bárékè Méjì

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tí a dé Fort Hood, ibùdó àwọn ológun Amẹ́ríkà ní Texas, mò ń ti ọmọ lọ nínú kẹ̀kẹ́ rẹ̀ nígbà tí fèrè dún. Aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ géérégé ni. Kí n tó mọ ohun tí mò ń ṣe, ẹsẹ̀ mi ti dúró, mo ti na ara ṣánṣán, mo ti kọjú síbi tí àsíá wà. Mọ́tò dúró lójú títì, àwọn ọmọdé sọ̀ kalẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́ wọn. Nígbà tó parí, obìnrin òyìnbó kan tó wà nítòsí bi mí pé ọdún mélòó ni mo ti lò nínú iṣẹ́. Mo ní mi ò ṣiṣẹ́ sójà rí, pé sójà ló bí mi, sójà ló sì fẹ́ mi.

Ní bárékè Odogbo, ní Òjòó n'Ìbàdàn, níbi tí mo gbé dàgbà, aago mẹ́fà ni wọ́n ń sọ àsíá tiwa kalẹ̀. Bí fèrè bá ti dún, ibi tí oníkálukú bá wà náà ni yóò dúró sí. Ìyá mi ru korobá omi dúró bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ kan, eṣinṣin ń rìn kiri lójú wọn, wọn ò lè lé e. Fèrè yẹn ló tàn mí jẹ ní Texas. Mo rò pé bí ohùn rẹ̀ ṣe jọra yẹn, ìyókù náà á jọra.

Yàrá kan àti pálọ̀ ni wọ́n fún Bàámi ní Odogbo. Sájẹ́ǹtì ni wọ́n. Ilé náà gùn gbọọrọ bí ọkọ̀ ojú irin, ìdílé mẹ́jọ ló ń gbé inú rẹ̀, ilé ìdáná wà lẹ́yìn, ẹ̀rọ omi kan ṣoṣo ló wà fún gbogbo wa. Tiv ló wà lọ́wọ́ ọ̀tún wa, Hausa lọ́wọ́ òsì, Ìgalà ló kọjú sí wa. Èébú Tiv ni mo kọ́kọ́ mọ̀ kí n tó mọ ìsọdipúpọ̀. Kọ́tìnì ló ń bo ẹnu ọ̀nà láti àárọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ìgbà tí a bá fẹ́ sùn nìkan la ń ti ilẹ̀kùn. Ẹni tó bá ń bọ̀ á ké "Àgò o!" látìta, kí ìyá mi sì tó dáhùn pé "Àgò yà," onítọ̀hún ti jókòó, ó ti ń béèrè ohun tí a sè.

Ilé tí wọ́n fún wa ní Fort Hood ní yàrá mẹ́ta àti ilé ìwẹ̀ méjì, pẹ̀lú koríko níwájú àti lẹ́yìn. Orúkọ baálé mi àti ipò rẹ̀ wà lára ògiri ìta. Bí koríko bá ga ju bó ṣe yẹ lọ, ìwé á dé. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko la lò kí n tó mọ orúkọ ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Mo kọ́kọ́ pè é ní ìgbéraga. Ó pẹ́ kó tó yé mi pé ó ti sú wọn ni: lẹ́yìn ọdún méjì tàbí mẹ́ta, ìwé á jáde pé kí o máa lọ sí ibòmíràn, ọ̀rẹ́ tí o ṣẹ̀ṣẹ̀ ní á di ẹni orí fóònù. Àwa náà ti kúrò níbẹ̀ rí, a sì tún padà wá. Ibùdó náà pàápàá kò jókòó jẹ́ẹ́: ní 2023 wọ́n sọ ọ́ ní Fort Cavazos, ní 2025 ó tún di Fort Hood, gbogbo ìwé tí mo ti kọ àdírẹ́sì sí sì di ìwé àtijọ́ lẹ́ẹ̀mejì.

Ní Nàìjíríà, tí sígínà bá ti dé pé kí Bàámi lọ sí ibòmíràn, àwọn nìkan ló sábà máa ń lọ, nítorí ilé ìwé wa. Báàgì kan ni ẹrù wọn. Ní Amẹ́ríkà, àwọn ológun á háyà àwọn akẹ́rù fún ọ, wọn á sì di gbogbo ohun tí ojú wọn bá rí. Nígbà kan, wọ́n bá wa di garawa ìdọ̀tí tòun ti ìdọ̀tí inú rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, ní ìpínlẹ̀ mìíràn, èmi ni mo ṣí i.

Ti ọjà, mi ò ní pẹ́ lórí rẹ̀. A ní mami market ní Odogbo, níbi tí àwọn ìyàwó sójà ti ń ta gbogbo nǹkan, tí wọ́n sì ń ta á láwìn títí owó oṣù á fi wọlé. Oúnjẹ kò wọ́n ní ilé ìtajà ológun ti Amẹ́ríkà. Iye tí wọ́n ń tà á sábà máa ń dín sí ti ìta, bí wọ́n tilẹ̀ ń fi ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún lé e. Ó dára púpọ̀. Ṣùgbọ́n o kò lè jẹ gbèsè níbẹ̀, kò sì sẹ́ni tó máa bi ọ́ pé kí ló dé tí ojú rẹ fi rí báyìí.

Ẹ jẹ́ kí n wá sórí kéèkì, nítorí ibẹ̀ gan-an ni ilé méjèèjì ti pàdé nínú mi.

Ní Odogbo, Kérésì máa ń bẹ̀rẹ̀ láti apá mi. Èmi ni wọ́n máa ń fún ní bọ́tà àti ṣúgà nínú abọ́ ńlá, pẹ̀lú ọmọ orógùn, kí n máa rò ó. Ìyá mi á fi ìka méjì ra á wò; bí ṣúgà bá ṣì ń rin wọ́n lọ́wọ́ bí yanrìn, wọn á ní "Ó kù." Ọ̀rọ̀ yẹn nìkan náà ni. Agolo mílìkì tí a ti fi bọ́tà pa nínú la fi ń ṣe kékeré; ti ńlá wà nínú páànù tí wẹ́dà bárékè bá wa ṣe. A ò ní oven. Ìkòkò irin ńlá la máa ń da yanrìn sí nísàlẹ̀, a ó gbé páànù kéèkì lé yanrìn lórí, a ó fi páànù pẹrẹsẹ dé e, a ó sì to èédú pupa sórí ìdérí àti sábẹ́ ìkòkò. Ọgbọ́n tó wà níbẹ̀ ni pé èédú òkè gbọ́dọ̀ ju ti ìsàlẹ̀ lọ. Ọdọọdún la máa ń gbàgbé, ọdọọdún ni ìsàlẹ̀ kéèkì ń jóná, ọdọọdún la sì ń fi ọ̀bẹ ha á kúrò. Títí dòní, kéèkì tí kò bá rùn díẹ̀ bí èédú, ọ̀fun mi kò gbà pé Kérésì ni.

Bí mo ṣe dé Amẹ́ríkà, tí mo rí oven onígun mẹ́rin nínú ilé ìdáná tèmi nìkan, mo ní mo ti bọ́. Mo tú ìwé tí mo kọ nígbà tí mò ń ṣe ìmọ̀ ìtọ́jú ilé ní sẹ́kọ́ńdìrì. Ó wà níbẹ̀ pé 180. Mo yí i sí 180, mo jókòó. Wákàtí kan kọjá, wákàtí méjì kọjá, kéèkì ń wò mí, èmi náà ń wò ó, ó funfun, ó rọ̀ bí ẹ̀kọ. Baálé mi wọlé, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn, ó ní, "Ìyàwó, Fahrenheit ni wọ́n ń lò níbí o. 350 ló yẹ kó jẹ́." Ó rẹ́rìn-ín títí tó fi fara ti ògiri.

Ní ilé, aládùúgbò ni kéèkì àti chin-chin wà fún. Abọ́ la máa ń gbé kiri, a ó fi aṣọ funfun bò ó, ti ìyàwó ọ̀gá á kọ́kọ́ lọ, lẹ́yìn náà ti gbogbo ilé mẹ́jọ, Mùsùlùmí àti Onígbàgbọ́. Tó bá di Iléyá, abọ́ kan náà á padà wá pẹ̀lú ẹran. Ní Fort Hood, àwọn ìyàwó sójà máa ń kó kúkì jọ lóṣù Kejìlá fún àwọn ọmọkùnrin àti ọmọbìnrin tí kò tíì ní ìdílé, tí wọ́n ń gbé inú bárékè. Ẹlòmíràn á mú ọgọ́rùn-ún wá. A ó kó wọn sínú àpò kéékèèké lórí tábìlì gígùn, a ó kọ ọ́ sára rẹ̀ bí ẹ̀pà bá wà nínú rẹ̀, nítorí ẹ̀pà lè pa ẹlòmíràn. Mo fẹ́ràn rẹ̀ gidi. Àmọ́ ẹni tí yóò jẹ ẹ́ kò mọ̀ mí, èmi náà kò mọ̀ ọ́n.

Ní oṣù Kẹjọ 1990 ni ECOMOG, ẹgbẹ́ ọmọ ogun àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, wọ Liberia. Kò pẹ́ sígbà náà ni wọ́n kó Bàámi náà lọ. Kò sí fóònù. Lẹ́tà máa ń bá sójà tó bá ń padà bọ̀ wálé, ó lè pé oṣù méjì lójú ọ̀nà. Ìyàwó Hausa ọwọ́ òsì wa máa ń gbọ́ BBC Hausa láràárọ̀, àwọn obìnrin á yí i ká, á sì máa túmọ̀ rẹ̀ sí èdè Gẹ̀ẹ́sì bárékè. Tó bá ti dákẹ́ lójijì láàárín ọ̀rọ̀, àwọn ìyá wa á dìde dúró.

Àdúrà kì í ṣe ọ̀rọ̀ àṣírí nígbà náà. Àwọn Pùròtẹ́sítáǹtì ní ṣọ́ọ̀ṣì tiwọn nínú bárékè, Kátólíìkì ní tiwọn, mọ́sálásí wà, ohùn wọn sì ń bá ara wọn pàdé lójú ọ̀nà. Gbogbo bárékè ló mọ ẹni tí ọkọ rẹ̀ kò tíì kọ lẹ́tà. Magajíyà wa, ìyẹn olórí àwọn ìyàwó sójà, Mùsùlùmí ni. Ó máa ń yà láti ilé dé ilé lẹ́yìn ìrun àṣálẹ́. Kérésì ọdún yẹn, ìyá mi sọ pé àwọn ò ní dáná kéèkì. Magajíyà gbọ́. Ó gbé fúláwà kóńgò mẹ́ta wá, ó gbé e kalẹ̀ sáàárín pálọ̀, ó ní, "Ìyá, ó ń bọ̀ wá jẹ ẹ́." Àwọn mẹ́rin ló jókòó rò ó, wọ́n gba ọmọ orógùn lọ́wọ́ mi. Ìyá mi fi gálọ́ọ̀nù chin-chin kan pamọ́ di 15 oṣù Kìíní, ọjọ́ tí wọ́n ń tú ẹyẹlé funfun sílẹ̀ fún ìrántí àwọn sójà tó kú, wọ́n sì pín in fún àwọn opó. Bàámi padà ní ọdún tó tẹ̀ lé e, wọ́n rù hangogo, chin-chin sì ti tán.

Ní Texas, ilé ìjọsìn kan náà ni Kátólíìkì àti Pùròtẹ́sítáǹtì ń lò. Àwọn kan á jáde, àwọn kan á wọlé, ìjókòó kò tíì tutù. Tí o bá ní ẹ̀bẹ̀, o lè kọ ọ́ sínú bébà pélébé. Ohun tí o bá sọ fún àlùfáà ológun, kò gbọdọ̀ sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, ìbáà ṣe ọ̀gá ọkọ rẹ. Nígbà àkọ́kọ́ tí mo gbàdúrà bí a ṣe ń gbà á nílé, tí mo pàtẹ́wọ́, tí ohùn mi lọ sókè, obìnrin kan sáré di ọwọ́ mi mú, ó rò pé mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìròyìn ikú ni. Ó tì mí lójú. Ṣùgbọ́n mo wá mọ adùn ìdákẹ́jẹ́ yẹn lẹ́yìn náà, nítorí àwọn nǹkan kan wà tí mo sọ fún àlùfáà náà tí Odogbo ì bá ti gbọ́ kí n tó délé.

Nígbà tí wọ́n rán baálé mi lọ sí Poland fún oṣù mẹ́sàn-án, mo ro bọ́tà àti ṣúgà, mo dín chin-chin. Kúkì á ti di ìyẹ̀fun kó tó dé. Chin-chin kò mọ̀ pé wọ́n gbé òun kọjá òkun. Pósí tó ń lọ sọ́dọ̀ sójà lókè òkun, owó inú Amẹ́ríkà ni wọ́n ń gbà lórí rẹ̀, ìwọ kò sì gbọdọ̀ kọ orúkọ orílẹ̀-èdè náà sára àpótí. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kejìlá, mo fi àpótí sílẹ̀ ní pósí, mo gbé ọwọ́ lé e, mo gbàdúrà sí i lábẹ́ ahọ́n.

Ojoojúmọ́ la máa ń rí ara wa lórí fóònù. Ibẹ̀ ni ìṣòro wà. Ìyá mi kì í retí ohunkóhun, nítorí náà ìdákẹ́jẹ́ kò lè dẹ́rù bà wọ́n bẹ́ẹ̀. Èmi, ọjọ́ kan ṣoṣo tó bá dákẹ́, ìròyìn nìyẹn. Tí nǹkan bá ṣe sójà kan, wọ́n lè ti gbogbo íntánẹ́ẹ̀tì níbẹ̀ pa títí wọ́n á fi sọ fún ìdílé rẹ̀. Gbogbo ìyàwó sójà ló sì mọ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́: láti aago márùn-ún ìdájí títí di àárín òru, wọ́n á wá kan ilẹ̀kùn rẹ. Kì í ṣe ẹnì kan. Ó kéré tán, méjì, nínú aṣọ ológun tó dán.

Ọjọ́ kejì tí n kò gbúròó baálé mi, aago mẹ́sàn-án alẹ́, wọ́n kan ilẹ̀kùn. Mo gba ihò ara ilẹ̀kùn yọjú. Aṣọ sójà ni mo rí. Ẹ wò ó, mi ò gbàdúrà kankan, mò ń kà ni. Ọ̀kan. Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì. Ọ̀kan náà ni. Mo ṣílẹ̀kùn. Aládùúgbò wa ni, sójà lòun náà, ó ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀, ó gbé abọ́ kúkì tí wọ́n fi ike bò dání. Ó wo ojú mi, abọ́ náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní, "Oh, no. No, no." Orí àtẹ̀gùn ìta yẹn la jókòó sí títí kúkì fi tán. Baálé mi pè ní ìdájí. Wáyà ló já lọ́dọ̀ wọn.

Mo sọ fún obìnrin náà lọ́jọ́ kejì pé nílé wa, a kì í kan ilẹ̀kùn. Mo kọ́ ọ ní ohun tí a ń sọ. Ó gbìyànjú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí ohùn tó bọ́ sójú ọ̀nà. Láti ìgbà náà, kò tíì fọwọ́ kan ilẹ̀kùn wa mọ́. Orí koríko ló ti máa ń ké "Àgò o!" tí gbogbo àdúgbò á gbọ́, àwọn ọmọ mi á sì dáhùn láti inú ilé ìdáná pé "Àgò yà!", ọwọ́ wọn kún fún fúláwà.