Òṣùpá Pupa Alẹ́ Àná
Ẹ̀yin tẹ́ ò gbójú sókè lálẹ́ àná, ọjọ́ 7 oṣù Kẹsàn-án 2025, ẹ kú àdánù o! Kí òṣùpá tó yọ lọ́dọ̀ wa ni òjìji ayé ti bò ó pátá. Mo wojú ọ̀run títí, mi ò rí nǹkan kan. Ìgbà tí ilẹ̀ ṣú tán ni mo tó rí i, ó pọ́n rúsúrúsú bí ẹyin iná. Ìmọ́lẹ̀ oòrùn tó gba inú afẹ́fẹ́ ayé kọjá ló sọ ọ́ di pupa. Afẹ́fẹ́ á ti fọ́n àwọ̀ búlúù inú ìmọ́lẹ̀ náà ká, á wá ku pupa.

Síbẹ̀, ti ọjọ́ 27 oṣù Keje 2018 ṣì ni ọ̀gá lójú tèmi. Ìṣẹ́jú 103 ló fi wà nínú òjìji pátápátá, kò sì sí èyí tó máa pẹ́ tó o ní ọ̀rúndún yìí. Pílánẹ́ẹ̀tì Máàsì tún wà nítòsí ẹ̀, òun náà pọ́n!

Ti oṣù Kẹsàn-án 2015, ìdájí ló bọ́ sí. Èmi àti àbúrò mi nìkan la jáde. Ẹ̀fọn jẹ wá dáadáa.

Ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹjọ 2026, òjìji ayé máa tún bo èyí tó pọ̀ jù nínú òṣùpá. Ta ló máa bá mi jí?