Ìdí MX-5 mi ń yọ̀ ní ìjáde kọ́nà: àìsàn méjì, àmì kan

Mazda MX-5 ìran kejì ni ọkọ̀ yìí, ẹ́ńjìnnì lítà 1.8, irú èyí tí wọ́n ṣe láàárín 1998 sí 2005. Kò wúwo, bíi tọ́ọ̀nù kan ni. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ni agbára ẹ́ńjìnnì ń lọ, ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló sì ní apá òkè àti apá ìsàlẹ̀ tirẹ̀, ìyẹn irin tó so ó mọ́ ara ọkọ̀. Mo ti fi sípírínìgì àti ṣọ́kì eré sí i, irú èyí tó ṣeé gbé sókè tó sì ṣeé rẹ̀ sílẹ̀. Pápá eré nìkan ni mo ń gbé e lọ báyìí. Ẹjọ́ tí mo ní pẹ̀lú rẹ̀ kò gùn: bí mo bá ti ń jáde nínú kọ́nà, tí mo ń dá ẹsẹ̀ padà sórí epo, ìdí rẹ̀ a yọ̀ lójijì. Kì í ṣe yíyọ̀ pẹ̀lẹ́ tí èèyàn lè fi ọwọ́ mú. Wéré ló ń já.

Gbogbo ẹni tó gbọ́ ló ní oògùn lọ́wọ́. Ọ̀kan ní kí n tú ọ̀pá stabilizer ẹ̀yìn kúrò (ọ̀pá tó so ẹsẹ̀ ọ̀tún àti ti òsì pọ̀ kí ara ọkọ̀ má fì jù), òmíràn ní kí n ra táyà tó fẹ̀ jù báyìí lọ sí ẹ̀yìn, ẹlòmíràn búra pé dífù ni, ìyẹn ohun tó ń pín agbára ẹ́ńjìnnì fún ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjèèjì. Ó ṣeé ṣe kí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn dín yíyọ̀ náà kù lóòótọ́, ohun tí mo sì ń sá fún gan-an nìyẹn. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ ká máa pa làpálàpá.

Ìbéèrè kí n tó mú súpánà

Mo kọ ìbéèrè mẹ́ta sínú ìwé. Apá ibo nínú kọ́nà ló ti ń ṣẹlẹ̀: ìwọlé, àárín, àbí ìjáde? Ṣé ọwọ́ òsì àti ọwọ́ ọ̀tún ni, àbí ọ̀kan nínú wọn? Ṣé kọ́nà tí a ń fi eré wọ̀ ni, àbí èyí tí a ń rọra wọ̀?

Èkíní ló ṣe pàtàkì jù lójú mi. Nígbà ìwọlé, búréèkì ti ti ìwúwo ọkọ̀ síwájú, ìwúwo náà ṣì wà lórí ìrìn, ṣọ́kì ló sì ń pinnu bí ìrìn náà ṣe máa yá tó. Ní àárín kọ́nà, ara ọkọ̀ ti balẹ̀. Táyà, camber (bí orí táyà ṣe fì sínú tàbí síta), sípírínìgì àti stabilizer ló ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Nígbà ìjáde, ẹsẹ̀ tó wà lórí epo ti dá ìwúwo padà sẹ́yìn, dífù náà sì ti dá sí i. Ẹni tó bá kàn ní “ọkọ̀ mi ń yọ̀” kò tíì sọ ohun tí ẹlẹ́rọ lè fi ṣiṣẹ́. Ìbéèrè kẹta kò gbà mí lákòókò: ọkọ̀ mi kò ní ìyẹ́ lẹ́yìn, ó sì ń yọ̀ nínú kọ́nà tó lọ́ra jù lọ ní pápá, nítorí náà ọ̀rọ̀ afẹ́fẹ́ tó ń fẹ́ kọjá lára ọkọ̀ kò sí níbẹ̀.

Fún ìbéèrè àkọ́kọ́, ìjáde ni ẹnu mi kọ́kọ́ sọ. Ṣùgbọ́n ara awakọ̀ kì í sábà rántí ohun tó ṣáájú ẹ̀rù. Mo so kámẹ́rà kan mọ́ òkè èjìká mi kí ó lè máa rí ọwọ́ mi lórí sítíárìn, mo sì wo fídíò náà díẹ̀díẹ̀ nílé. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti yí padà. Láti ìwọlé títí dé àárín kọ́nà, ọwọ́ mi ń yí sítíárìn kún un, ó tún ń yí i kún un, síbẹ̀ imú ọkọ̀ ń fà lọ síta. Understeer gbáà ni. Nígbà tí eré bá ti rọ̀ tó, táyà iwájú a di ilẹ̀ mú lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, pẹ̀lú gbogbo yíyí tí mo ti yí i. Imú a já sínú, ẹsẹ̀ mi sì ti wà lórí epo. Táyà ẹ̀yìn wo ló máa gba irú ẹrù bẹ́ẹ̀? Iwájú ni àléébù náà ti bẹ̀rẹ̀; ẹ̀yìn ló kàn ń jẹ́jọ́ rẹ̀.

Ẹ wá wo ìmọ̀ràn stabilizer yẹn. Bí mo bá tú ti ẹ̀yìn kúrò, ẹ̀yìn á di ilẹ̀ mú sí i, iwájú á túbọ̀ kọ̀ láti yà, ọwọ́ mi á sì túbọ̀ yí sítíárìn. Àìsàn gan-an á le sí i, àmì rẹ̀ á kàn yí ibi tó ti ń jáde padà.

Ohun kan tún wà nínú fídíò náà tí mo kọ sílẹ̀ tí mo sì fi sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀: nínú àwọn kọ́nà ọwọ́ ọ̀tún kan, ìdí ń yọ̀ bí ọwọ́ mi kò tilẹ̀ yí kọjá bó ṣe yẹ. Ti ọwọ́ òsì kò rí bẹ́ẹ̀ rárá.

Afẹ́fẹ́ táyà àti ooru

Afẹ́fẹ́ ni mo kọ́kọ́ tọ́jú, nítorí kò ná mi ní nǹkan kan. 28 psi ló wà nínú táyà iwájú nígbà tó tutù; bí mo ṣe wọlé láti orí pápá, ó ti di 36. Ìyẹn pọ̀ jù fún ọkọ̀ tó fúyẹ́ tó báyìí. Géèjì afẹ́fẹ́ nìkan kò sì tó. Mo ní ohun èlò ìwọ̀n ooru tó ní abẹ́rẹ́, èyí tí wọ́n ń gún bọ inú rọ́bà. Èyí tí wọ́n ń nà sí táyà láti òkèèrè kò tẹ́ mi lọ́rùn, nítorí ojú táyà máa ń tutù kíákíá kí èèyàn tó jáde nínú ọkọ̀. Ẹni kejì ló ń bá mi wọ̀n ọ́n bí mo ṣe ń dúró, ó sì máa ń tẹ̀ lé ètò kan náà nígbà gbogbo, láti etí ìta sí àárín, kó tó kan etí inú.

Táyà iwájú òsì ka 94 ní ìta, 88 láàárín, 75 nínú, gbogbo rẹ̀ ní dígírì Celsius. Àárín ga ju ìdajì tó wà láàárín etí méjèèjì lọ, èyí tó fi hàn pé afẹ́fẹ́ pọ̀. Etí ìta sì gbóná ju etí inú lọ gan-an: táyà náà ń fi èjìká rẹ̀, ìyẹn etí ìta, tẹ ilẹ̀, camber tó ní kò tó láti mú un dúró dáadáa bí ara ọkọ̀ ṣe ń fì.

Mo tọ́jú afẹ́fẹ́ nìkan lọ́jọ́ náà. Mo jẹ́ kí ó dúró sí 30 nígbà tó bá gbóná, mi ò sì fọwọ́ kan nǹkan mìíràn: epo kan náà nínú táǹkì, táyà kan náà, ṣọ́kì bó ṣe wà. Ó di 93, 84, 76. Àárín ti bọ́ sí àyè rẹ̀. Ìyàtọ̀ etí méjèèjì ṣì wà síbẹ̀, ó kàn mọ́ kedere báyìí pé camber ló ni ín.

Okùn àti bóòtù tó dípẹtà

Lára MX-5 yìí, bóòtù tí orí rẹ̀ kò yípo dọ́gba ló di apá ìsàlẹ̀ mú. Bí o bá yí i, apá náà á sún síta tàbí sínú, camber á sì yí padà. Ìyẹn dára, bí bóòtù bá gbà láti yí. Tèmi ti dípẹtà mọ́ irin inú búúṣì, ìyẹn rọ́bà tó wà níbi tí apá ti so mọ́ ara ọkọ̀. Epo atúpẹtà, iná, òòlù àti ọ̀rọ̀ tí kò yẹ kí ọmọdé gbọ́ ló tú wọn.

Ìwọ̀n tí mo rí kí n tó yí wọn ni dígírì 0.8 sínú. Mo gbé e dé 2.0 ní ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì. Yíyí camber máa ń da toe rú, ìyẹn bí táyà ṣe kọjú (toe-in ni kí etí iwájú rẹ̀ wọlé, toe-out ni kí ó jáde), nítorí náà toe ni mo ṣe kẹ́yìn. Okùn méjì ni mo fi wọ̀n ọ́n, ọ̀kan ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, ọ̀kan ní ẹ̀gbẹ́ òsì, ní gíga àárín táyà, kí àwọn méjèèjì máa lọ lọ́gbọọgba. Ẹni tó bá fẹ́ dán an wò kí ó rántí pé ẹsẹ̀ iwájú MX-5 sún mọ́ra ju ti ẹ̀yìn lọ díẹ̀. Bí okùn bá jìnnà sí àárín rímù iwájú àti rímù ẹ̀yìn bákan náà, okùn náà ló wọ́, gbogbo nọ́ńbà tó bá ti ibẹ̀ jáde á sì purọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wọn àlàfo láti okùn dé etí iwájú rímù, kí ẹ wọn ti etí ẹ̀yìn. Lórí rímù ínṣì 15, ìyàtọ̀ mílímítà kan jẹ́ bíi dígírì 0.14. Mo fi iwájú sí òdo. Ẹ̀yìn wà ní mílímítà kan toe-in ní ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, bó ṣe yẹ kó wà, nítorí náà mi ò fọwọ́ kàn án.

Ní pápá, táyà iwájú òsì ka 83 ní ìta, 86 láàárín, 90 nínú. Ọwọ́ mi nínú fídíò ti dákẹ́: mo ń yí sítíárìn lẹ́ẹ̀kan, mo sì ń dá a padà lẹ́ẹ̀kan. Gbogbo kọ́nà ọwọ́ òsì ti gbọ́ràn. Ti ọwọ́ ọ̀tún kò gbọ́.

Ọwọ́ ọ̀tún nìkan

Apá ibí yìí ni mo gbádùn jù. Nígbà tí iwájú ṣì ń kọ̀, àìsàn kejì sá pamọ́ sẹ́yìn èkíní. Àléébù tó bá wà ní ọwọ́ kan ṣoṣo sì ń dín iye ohun tí èèyàn ní láti fura sí kù gan-an: stabilizer, tó so ẹsẹ̀ méjèèjì pọ̀, kò lè jẹ̀bi bí kò bá ṣẹ́, afẹ́fẹ́ táyà dọ́gba, dífù ń ṣiṣẹ́ kan náà ní ọwọ́ méjèèjì bí kò bá tíì bàjẹ́.

Mo kọ́kọ́ fura sí ìwúwo. Mo gbé ọkọ̀ sórí òṣùwọ̀n mẹ́rin pẹ̀lú èmi fúnra mi lórí ìjókòó. Ìwúwo iwájú ọ̀tún àti ẹ̀yìn òsì tí a ṣírò pọ̀ jẹ́ 50.3 nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo rẹ̀. Ìdajì ló yẹ kó jẹ́, kò sí ẹ̀sùn níbẹ̀.

Bí a bá ń ya sí ọ̀tún, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn òsì ló ń gbé ẹrù jù lọ. Okùn ti sọ pé toe rẹ̀ dára, ṣùgbọ́n nígbà tí ọkọ̀ dúró jẹ́ẹ́ ni okùn sọ bẹ́ẹ̀. Ìbéèrè mi wá di: kí ló ń ṣẹlẹ̀ sí i nígbà tí ilẹ̀ bá ń tì í? Mo gbé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjèèjì lé orí táìsì méjì-méjì tí gírísì wà láàárín wọn, kí táyà lè sún láìsí ìdíwọ́. Mo wá fi bẹ́líìtì tí wọ́n fi ń de ẹrù fa ìsàlẹ̀ táyà méjèèjì síra wọn lábẹ́ ọkọ̀, bí ilẹ̀ ṣe máa ń ti táyà ìta sínú ní kọ́nà, mo sì tún wọn àlàfo láti okùn. Ti ọ̀tún kò yí tó mílímítà kan. Ti òsì yí mílímítà mẹ́rin, etí ẹ̀yìn rímù wọlé, etí iwájú jáde. Toe-in ti di toe-out lójú mi. Táyà ẹ̀yìn tó wà níta kọ́nà ń tọ́ ìdí ọkọ̀ lọ síta. Bí mo bá wá tẹ epo tí ìwúwo sì kún un, ó parí.

Búúṣì inú ti apá ìsàlẹ̀ ni, èyí tó wà lápá ẹ̀yìn nínú méjì. Lójú kò ní àléébù kankan. Nígbà tí mo fi irin gígùn tì í ni mo rí i pé rọ́bà ti já kúrò lára irin rẹ̀ yípo fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Bí mo bá jọ̀ọ́, a padà sí àyè rẹ̀, ìdí nìyẹn tí okùn kò fi rí i.

Mo pa gbogbo búúṣì ẹ̀yìn dà ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, rọ́bà tó le ju ti àtijọ́ lọ díẹ̀. Mi ò fẹ́ oníke, nítorí ó ń fẹ́ gírísì lóòrèkóòrè, ọkọ̀ yìí sì ti gba àkókò mi tó. Ohun kan tí mo fẹ́ kí ẹni tó bá fẹ́ ṣe irú rẹ̀ kíyè sí: ẹ má fún bóòtù búúṣì rọ́bà le nígbà tí ọkọ̀ wà lórí jáàkì tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń rọ̀ dirodiro. Ẹ jẹ́ kí ìwúwo ọkọ̀ wà lórí táyà kẹ́ ẹ tó fún un parí. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, rọ́bà náà á wà ní lílọ́ ní gbogbo ìgbà tí ọkọ̀ bá wà nílẹ̀, kò sì ní pẹ́ tí á fi ya. Mo fura pé ohun tó pa èyí nìyẹn. Lẹ́yìn náà ni mo tún so okùn, mo dá toe ẹ̀yìn padà sí mílímítà kan sínú, mo sì fi ọ̀dà fàlà sórí bóòtù kọ̀ọ̀kan kí n lè mọ̀ bí wọ́n bá sún.

Ibi tí iṣẹ́ dé

Kọ́nà ọ̀tún ti dọ́gba pẹ̀lú ti òsì. Ìdí ṣì lè yọ̀ bí mo bá tẹ epo ní ìtẹ̀kutẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń kéde ara rẹ̀ kó tó ṣe é, ọwọ́ mi sì ń bá a.

Èyí tó kù: nínú kọ́nà tó yá jù, bí mo bá gun etí ọ̀nà, ẹ̀yìn a ta sókè. Mo de okùn oníke kékeré, irú èyí tí wọ́n fi ń di wáyà, mọ́ ọ̀pá ṣọ́kì ẹ̀yìn kí n lè rí ibi tí ọ̀pá náà wọlé dé. Ó ti lọ há mọ́ rọ́bà ìdènà lókè pátápátá. Ṣọ́kì kò ní àyè tó mọ́ nìyẹn, rọ́bà ló ti ń gbé ọkọ̀. Màá kọ́kọ́ gbé ẹ̀yìn sókè ní mílímítà mẹ́wàá, kí n tún gbogbo toe wọ̀n, kí n tó ronú àtira sípírínìgì tó le jù èyí lọ.