Okùn, BP àti ọjọ́ orí yín: ẹ bẹ̀rẹ̀ látibẹ̀

Tí ọkùnrin ẹni ọdún 50 bá ṣubú lójijì tó kú, ohun tá a máa ń sọ ni pé kò ṣàìsàn rárá, la ó bá máa wá ẹni tó ṣe é, bẹ́ẹ̀ ó ṣeé ṣe kí ẹ̀jẹ̀ ríru ti wà lára ẹ̀ fọ́dún pípẹ́ tí kò sẹ́ni tó wọ̀n ọ́n, torí ẹ̀jẹ̀ ríru kì í sábà dunni.

Àwọn kan tún rò pé àfi kéèyàn lọ ya fọ́tò ọkàn olówó ńlá kó tó mọ̀ bóyá ọkàn òun wà nínú ewu. Rárá o. Lọ́dún 2019, WHO, àjọ ìlera àgbáyé, gbé àtẹ kan jáde, wọ́n ṣe ti ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà tiwa lọ́tọ̀, èyí tí wọn ò ní fa ẹ̀jẹ̀ yín fún wà níbẹ̀, ohun tẹ́ ẹ máa fi wò ó nìyí: ọjọ́ orí, láti 40 sí 74, ọkùnrin àbí obìnrin, ṣé ẹ ń mu sìgá, bẹ́ ẹ ṣe wúwo tó sí gíga yín, àti nọ́ńbà òkè BP yín, ó tán. Àwọ̀ ibi tí gbogbo ẹ̀ bá pàdé sí ló máa sọ bó ṣe ṣeé ṣe tó kí heart attack tàbí rọpárọsẹ̀ mú yín láàárín ọdún 10. Àwọ̀ ewé ló dáa jù, tó bá ti ń lọ sí pupa, ẹ tètè rí dókítà.

Ẹ tún wá okùn. Ẹ jẹ́ kẹ́nì kan fi wọ̀n yín látorí dé àtẹ́lẹsẹ̀, ẹ gé e, ẹ ká a sí méjì, ẹ mí síta, kẹ́ ẹ wá fi yí ikùn yín po lókè egungun ìbàdí, ẹ má fa ikùn sínú o. Tí etí ẹ̀ méjèèjì ò bá kanra, ikùn yẹn ti pọ̀ jù nìyẹn.

BP gan-an lọ̀rọ̀ wà. Bí wọ́n ṣe ń wọ̀n ọ́n láwọn kẹ́mísì kan máa ń bí mi nínú: èèyàn á ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà, á ṣì máa mí hẹlẹ, wọ́n á ti so aṣọ ẹ̀rọ BP mọ́ ọn lápá lórí ẹ̀wù, wọ́n á tún máa bá a tàkúrọ̀sọ. Ẹ kọ́kọ́ lọ tọ̀, ẹ jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú 5, ẹ fẹ̀yìn ti àga, ẹ má gbẹ́sẹ̀ lẹ́sẹ̀, kí apá wà lórí tábìlì láìsí aṣọ lórí ẹ̀, kó bá àyà dọ́gba. Ẹ wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì. Ẹni tápá ẹ̀ bá tóbi, kó bèèrè aṣọ ẹ̀rọ BP tó fẹ̀, torí èyí tó bá há jù á gbé nọ́ńbà sókè lásán. Tó bá ń jẹ́ 140 lórí 90 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́jọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ẹ̀jẹ̀ ríru ni.

Ẹni tára ẹ̀ dá ni mò ń bá sọ̀rọ̀ o. Tí àyà bá ń há yín mọ́lẹ̀ báyìí, tí ìrora ń lọ sápá tàbí àgbọ̀n, tí òógùn tútù ń bò yín, ẹ má wá okùn kankan, ẹ ní kí wọ́n gbé yín lọ ọsibítù lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ẹ má sì fúnra yín wakọ̀.