Yìnyín Ìyá Ẹlẹ́ja

Sẹ́ńsọ̀ DS18B20 mẹ́ta la fẹ́ rì sínú odò kékeré kan ní Ẹ̀pẹ́ láti máa ka ìgbóná omi. Ó lè ka ìyàtọ̀ tó kéré tó 0.0625 dígírì, ṣùgbọ́n àwọn tó ṣe é fúnra wọn ní ó lè fi 0.5 ṣìnà. Kí mẹ́ta ka nǹkan kan náà kò ní kó jẹ́ òótọ́. Òpùrọ́ mẹ́ta náà lè fẹnu kò.

Ìdí nìyẹn tí a fi ń kọ́kọ́ dán wọn wò nínú omi yìnyín. Wọ́n á fọ́ yìnyín wẹ́wẹ́ kún fúláàsìkì, wọ́n á da omi tútù sí i kó dí àlàfo rẹ̀, wọ́n á rò ó, ó di ìṣẹ́jú 10. Sẹ́ńsọ̀ ò gbọdọ̀ kan ìdí tàbí ẹ̀gbẹ́ fúláàsìkì. 0 ló yẹ kó kà.

Ọ̀dọ̀ ìyá ẹlẹ́ja la ti ra yìnyín.

"Ẹja yín ńkọ́?"

"Mà, wáyà la fẹ́ kì bọ̀ ọ́."

Ó ní kí Ọlọ́run ṣàánú wa.

Wọ́n ka -3.06, -3.00 àti -3.12. Inú wa dùn, wọ́n mà ṣọ̀kan! A ní kí kọ̀ǹpútà máa fi 3 kún un. (3 jẹ́ ìlọ́po mẹ́fà 0.5. Ó yẹ kí ara ti fu wa.)

Ní ìdájí ọjọ́ kejì, nínú ọyẹ́, odò ka 29. Ọmọ kan tó ń wẹ̀ níbẹ̀ ń gbọ̀n, eyín rẹ̀ ń lu ara wọn. "Bọ̀dá, tó bá gbóná, ẹ bọ́ṣọ kẹ́ ẹ wọlé."

A padà sọ́dọ̀ ìyá.

"Ẹ ò bi mí! Mo da iyọ̀ sí i kó lè mú ẹja tutù dáadáa."

Iyọ̀ máa ń jẹ́ kí omi yìnyín tutù kọjá 0. Òótọ́ ni sẹ́ńsọ̀ ń sọ láti ọjọ́ yìí.

A wá fi píọ̀ wọ́tà tó dì tún un ṣe níwájú ìyá. Méjì ka 0.06 àti 0.00, ẹ̀kẹta ka 85. Wáyà iná rẹ̀ ló ń já: 85 ló máa ń wà lẹ́nu sẹ́ńsọ̀ yìí bí iná bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé tí kò tíì ka ohunkóhun, kíkà kan sì ń gba 750 mílísẹ́kọ́ńdì.

Ìyá bojú wo fúláàsìkì tó kún fún yìnyín, ó wo 85 lójú kọ̀ǹpútà. "Ó ti hó nìyẹn. Kí n gbé gààrí wá?"